Aṣọ́wóná Kì í Ṣe Ahun

 Kò sí ilé kan ní àkókò yìí tí ìnáwó kò kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìgbà ìkórè ẹ̀gúsí ni a wà yìí ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Láti Èrúwà dé Láńlátẹ̀, láti Igbó-Ọrà dé Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngán, ẹni tí ó bá gba ọ̀nà oko kọjá yóò gbọ́ òórùn bàrà tí a là, tí a sì fi sílẹ̀ kí ó rà, kí àwọn obìnrin tó fọ kóró inú rẹ̀, kí wọn sì sá a sí oòrùn. Ní irú oṣù yìí ni owó ń wọ ọwọ́ àgbẹ̀. Ẹni tí kò rí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà dì mú láti ìgbà ọdún Àjíǹde lè rí ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ gbà ní ọjọ́ ọjà kan ṣoṣo. Nítorí náà ni mo fi yan àkókò yìí láti sọ ọ̀rọ̀ owó. Bí mo bá dúró di ìgbà tí ọwọ́ gbẹ, ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ lè gbà pé òtítọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n kò ní ní ohun tí yóò fi ṣe é.

N kò ní na ìka sí ilé ẹlòmíràn. Ara mi ni n óò fi ṣe àkàwé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé akọ̀wé yìí ń wàásù fún àwọn aláìní láti orí àga ìtura.

Ní ọdún 2011 ni ìyá mi kú. Arúgbó ni, ó sì ti rí ọmọ-ọmọ. Gbogbo ẹbí ni ó sọ fún mi pé òkú ẹ̀yẹ ni, ẹ̀yẹ ni a sì gbọdọ̀ fi sin ín. Èmi tí mo ń jẹ́ akọ̀wé, tí mo sì ń dúró ka ìwé níwájú ìjọ ní ọjọ́ ìsinmi, ojú tì mí láti sọ pé n kò ní owó. Mo pa màlúù méjì, mo ta àgọ́, mo pe onílù, mo sì ra aṣọ kan náà fún ìdílé láti òkè dé ilẹ̀. Owó tí mo ní kò tó ìdajì ohun tí mo ná. Mo tọ olówó èlé kan lọ, mo sì yá ọ̀kẹ́ méje ààbọ̀, èyí ni ₦150,000, pẹ̀lú èlé kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí náírà kọ̀ọ̀kan ní oṣooṣù.

Ìsìnkú náà dára. Ènìyàn jẹ, ènìyàn mu, wọ́n sì yìn mí. Ìyìn náà kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ó fi tán. Èlé náà ni kò tán. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ń gbé ₦15,000 lọ fún ọkùnrin náà, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦210,000, síbẹ̀ ₦150,000 tí mo yá dúró bí ó ti wà, kò fi kọ́bọ̀ kan dín.

Ní oṣù kẹwàá tí mo ń san èlé yìí ni ìròyìn dé pé àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì, tí wọ́n jẹ́ ìbejì, ti yege ìdánwò láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ̀yin ará Igbó-Ọrà mọ̀ pé ìbejì kì í ṣe ohun àjèjì ní ìlú wa. Ohun tí ó jẹ́ àjèjì sí mi ni kí bàbá ìbejì jókòó, kí ó máa rò èyí tí yóò lọ àti èyí tí yóò dúró. Owó ọmọ kan ni mo ní. Ní alẹ́ ọjọ́ náà èmi àti ìyá wọn kò lè bá ara wa sọ̀rọ̀. Táyé ni ó wọlé tọ̀ wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá mi, ìyá mi, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Èmi yóò dúró ti ìyá mi nídìí láfún.” Ọdún méjì ni ó fi dúró. Ó ti lọ lẹ́yìn náà, ó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ọmọ náà, èmi ni mo pa á jẹ pọ̀ mọ́ màlúù.

Ta ni ó kó mi yọ? Ìyàwó mi ni. N kò tíì sọ iye èlé náà fún un, nítorí ojú ń tì mí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó bi mí pé, “Bàbá Ìbejì, owó tí ẹ ń gbé lọ lóṣooṣù yìí, ṣé gbèsè náà ń dín kù ni?” Mo ní kò dín. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “A jẹ́ pé ìwọ̀fà ni a ń ṣe.”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi bí ẹ̀gún, nítorí òtítọ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ wa lè má mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́. Ní ayé àwọn baba wa, ẹni tí ó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ní oko olówó ni èlé. Kò dín kọ́bọ̀ kúrò nínú gbèsè. Bí ó tilẹ̀ sìn ín ní ogún ọdún, títí a óò fi rí odindi owó náà san ni. Òfin ti fi òpin sí irú sísìn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń san èlé lóṣooṣù tí gbèsè rẹ̀ kò dín, ìwọ̀fà ni, àfi pé ilé ara rẹ̀ ni ó ń sùn.

Ìyàwó mi wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Ó yá ₦150,000 níbẹ̀ pẹ̀lú onídùúró méjì, a sì san gbèsè olówó èlé náà pátá ní ọjọ́ kan. Èlé tí ẹgbẹ́ gbà fún odindi ọdún kan ni ₦15,000, iye kan náà tí mo ti ń san fún olówó èlé ní oṣù kan. A ń san ₦13,750 fún ẹgbẹ́ lóṣooṣù, tí kò tó èyí tí mo ń san tẹ́lẹ̀. Nígbà tí oṣù kejìlá pé, gbèsè tán. Bí mo bá ti la ẹnu sọ fún ìyàwó mi ní oṣù kìíní, Táyé ì bá má dúró. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: ẹ má ṣe fi gbèsè pamọ́ fún ẹni tí yóò bá yín jìyà rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mú àwọn ìlànà kan lò ní ilé mi. Mo tò wọ́n sílẹ̀ níhìn-ín fún ẹni tí yóò fẹ́ dán wọn wò.

Èkíní: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ra ìwé àjákọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan, kí ẹ fa ìlà sí àárín ojú ìwé. Ní apá kan, ohun tí ó wọlé. Ní apá kejì, ohun tí ó jáde. Ní alaalẹ́, kí ẹ tó gbàdúrà ìrọ̀lẹ́, ẹ kọ ti ọjọ́ náà. Ẹ má ṣe fi ọ̀kan pamọ́, ìbá à ṣe owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo rí i pé ₦300 ń bọ́ lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́ lórí ohun tí n kò lè rántí bí ó bá di ọjọ́ kejì. ₦300 lójúmọ́ jẹ́ ₦9,000 ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó sì jẹ́ ₦109,500 ní ọdún kan. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Díẹ̀ díẹ̀ náà ni owó ń gbà jáde nílé.

Èkejì: ẹ pín owó ìkórè kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún yín. Àgbẹ̀ kò dà bí akọ̀wé tí ń gba owó lóṣooṣù. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni owó ń dé bá a lọ́dún, oṣù méjìlá ni ó sì ní láti fi jẹun. Bí ó ti rí ní ilé wa nìyí. Ìpín kìíní jẹ́ ti irúgbìn àti owó àwọn tí yóò bá wa kọ ebè nígbà òjò àkọ́rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìpín kejì jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́, nítorí oṣù Kẹsàn-án kò jìnnà sí ìkórè. Ìpín kẹta jẹ́ ti oúnjẹ ìgbà ọ̀wọ́n. Ìpín kẹrin jẹ́ ti àìsàn àti ohun àìròtẹ́lẹ̀. Èyí tí ó bá kù ni ti aṣọ àti àríyá. Tẹ́lẹ̀, àríyá ni mo ń fi ṣe ìkíní. Ohun tí Jósẹ́fù ṣe ní Íjíbítì kò ju èyí lọ: ó mọ̀ pé ọdún ọ̀pọ̀ kì í ṣe gbogbo ọdún.

Ẹ má sì ṣe tà gbogbo ẹ̀gúsí yín ní ọ̀sẹ̀ tí ó gbẹ. Ọ̀sẹ̀ náà ni gbogbo Ìbàràpá ń tà, àwọn oníbàárà tí ń ti ìlú ńlá wá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni iye rẹ̀ fi ń wálẹ̀. Ẹ̀gúsí tí ó gbẹ dáadáa, tí a kò tíì bó èèpo rẹ̀, ń pẹ́ nínú àpò ju èyí tí a ti bó lọ. Ẹ tà ìwọ̀n tí ó yẹ fún ohun tí kò ṣe é dá dúró, kí ẹ gbé ìyókù sókè kúrò ní ilẹ̀ tútù, kí ẹ sì máa tà á ní kóńgò kóńgò títí di ìgbà tí ó bá wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbágùúdá: èyí tí a rẹ, tí a sì sá gbẹ di láfún, owó tí ó wà ní àká ni. Àmàlà láfún pẹ̀lú ọbẹ̀ ìlasa ni ó tọ́ gbogbo wa dàgbà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìrẹsì tí a fi owó rà ní ojoojúmọ́ ni ń sọ ilé di ilé ọlọ́lá.

Ẹ̀kẹta: ẹ mọ ibi tí ẹ ń tọ́jú owó sí. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀ láàárín wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìwúlò tirẹ̀. Àjọ ojoojúmọ́ dára fún obìnrin tí ń jókòó ní ọjà, nítorí alájọ ń wá bá a ní ìdí àtẹ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ iye tí ó ń ná yín. Bí ẹ bá ń dá ₦500 fún ọjọ́ 31, ₦15,500 ni; alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan, yóò sì fún yín ní ₦15,000. Ẹ̀yin ni ẹ ń san èlé lórí owó ara yín. Bí alájọ bá sì sá lọ, kò sí ẹni tí yóò san án padà.

Èsúsú yàtọ̀. Bí ènìyàn méjìlá bá ń dá ₦10,000 lóṣooṣù, ẹnì kan yóò kó ₦120,000 ní oṣù kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi kárí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó ti yá owó láìsan èlé. Ẹni tí ó kó kẹ́yìn ti fi owó pamọ́ láìgba èlé. Ohun àtijọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther tẹ̀ jáde ní 1843, Àlùfáà Samuel Johnson sì ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Títí di òní ni àwọn ará Trinidad ní òkè òkun ń dá irú owó bẹ́ẹ̀, susu ni wọ́n sì ń pè é. Àṣà tí ó la òkun kọjá tí kò kú, kò yẹ kí a fi ojú kékeré wò ó. Kí ẹ sáà mọ àwọn tí ẹ jọ ń dá a. Ẹni tí ó ti kó tirẹ̀ tán ni ó ń dán ìwà wò.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó ṣe mí ní oore. Orúkọ rẹ̀ nìkan tó ìwàásù: ẹni tí ń jẹ, tí ó sì ń ṣẹ́ kù. Láti ọdún 1935 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà fún fífi orúkọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Kí ẹ tó wọ èyíkéyìí, ẹ bèèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n ń ka ìṣirò owó fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Ní ti bánkì, ìjọba ní àjọ kan tí ń ṣe ìdánilójú owó tí a fi síbẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, bí bánkì ńlá bá wó, ẹni tí ó ní owó níbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ohun tí ó ní títí dé ₦5,000,000. Bí ó bá jẹ́ bánkì kékeré ti àwọn oníṣòwò kéékèèké, títí dé ₦2,000,000.

Ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí a ń pààrọ̀ bébà ₦200, ₦500 àti ₦1,000, owó wà ní bánkì tí a kò lè rí gbà, owó sì wà nílé tí ọlọ́jà kò fẹ́ gbà. Ní 3 oṣù Kẹta ni ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ tó dá a pé kí a ṣì máa ná ti àtijọ́. Ní àárín ìgbà náà, ẹni tí ó ní láfún ní àká kò sun ebi.

Ẹ̀kẹrin: owó tí ó jókòó ń rù. Àwọn olùṣirò ìjọba kéde pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọjà ti fi 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí a ń rà ní ₦1,000 ti di nǹkan bí ₦1,350. Nítorí náà, owó tí ẹ kò ní ná fún ọdún púpọ̀, ẹ sọ ọ́ di ohun tí ń dàgbà tàbí tí kì í rù: ewúrẹ́, igi kajú, páànù ìbolé, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ fún ọmọ.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ sá fún olówó èlé, ẹ sì sá jù bẹ́ẹ̀ lọ fún onílérí. Ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san, ó bẹ́ igi dí ẹgbèje. Àwọn tí ń fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ yá ni lówó láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ń bẹ nísinsin yìí. Nínú wọn ni àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo ojúlùmọ̀ ẹni bí ọjọ́ bá yẹ̀. Ní ti àwọn onílérí, ẹ rántí MMM. Ọdún 2015 ni ó wọ Nàìjíríà, láti ọ̀dọ̀ Sergey Mavrodi ará Rọ́ṣíà, ẹni tí irú ètò kan náà ti wó mọ́ lọ́wọ́ ní ilẹ̀ rẹ̀ ní 1994. Wọ́n ṣe ìlérí 30 lórí 100 ní oṣù kan, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn ní 13 oṣù Kejìlá ọdún 2016. Ẹ mú ìwé ìṣirò yín: ₦10,000 tí ń fi 30 lórí 100 gbèrú lóṣooṣù yóò ju ₦230,000 lọ ní ọdún kan. Òwò wo ni a ń ṣe ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó tí ń sọ ọ̀kan di mẹ́tàlélógún? Síbẹ̀ a kò gbọ́n. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX, tí ó ní òun yóò sọ owó di ìlọ́po méjì ní oṣù kan, wó lulẹ̀; ní Ìbàdàn, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n sì kó ẹrù inú rẹ̀. Àga kò lè san owó ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ̀kẹfà: ẹ fi òdiwọ̀n sí ayẹyẹ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí a tó pe onílù, kí a jókòó kọ iye tí a ní sílẹ̀, bí ọkùnrin inú ìwé Lúùkù tí ó yẹ kí ó ṣírò owó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìṣọ́. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé náà, kí ó má ṣe sí níbi òkú. Ẹ̀yin ẹbí sì ní iṣẹ́ tiyín: bí ọmọ olóòkú bá ní ìwọ̀nba ni agbára òun mọ, ẹ má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà. Òkú kò mọ iye màlúù tí a pa. Àwọn ọmọ tí ó kù ni ó mọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ahun ni mí. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn. Ahun ní owó, ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó ń rò ó. Aṣọ́wóná kò ra aṣọ àríyá ní oṣù tó kọjá, nítorí náà nígbà tí àìsàn dé ní òru, ó nawọ́ sí ibi tí owó wà, kò lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ahun kì í fún ni. Aṣọ́wóná a máa fún ni, nítorí ó mọ iye tí òun ní. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ ìwé ìṣirò ni ọrẹ mi nínú ìjọ kò ti yẹ̀ mọ́, mo sì ti rí ohun yá aládùúgbò láìgba èlé. Ṣe-bí-o-ti-mọ kì í tẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí owó ẹ̀gúsí tó tutù lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ jókòó ní alẹ́ kan, kí ẹ gbé ìwé àjákọ sí àárín, kí olúkúlùkù sọ gbèsè tí ó jẹ fún ẹnì kejì. Ó lè korò ní alẹ́ kan náà. Mo mọ̀ bí ó ti rí. Ṣùgbọ́n ó sàn jù kí ọmọ kan wọlé wá kúnlẹ̀, kí ó ní òun yóò dúró.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Olúwa bá dá ẹ̀mí wa sí.